Góòlù Gòkè, Stop Loss Dúró Síbi Tó Wà: Ọ̀rọ̀ MetaTrader Lórí Linux ní Kubwa

Aago méje alẹ́ ò tíì lù nígbà tí Bàbá Ìbejì pè mí. Wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀. "Àbúrò, Linux tó o gbé fún mi yẹn ti jẹ mí lówó. Ọgọ́fà dọ́là! Laptop wà lórí tábìlì, iná wà, dátà wà, góòlù gòkè tán, ó tún já wálẹ̀, trailing stop ò mira rárá."

Trailing stop ni àṣẹ tó yẹ kó máa gbé ibi tí káràkátà á ti pa ara rẹ̀ tẹ̀lé ọjà bó ti ń gòkè. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má pa á, ẹ má sì tún un tàn. Mò ń bọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025. Dutse Alhaji ni mò ń gbé, àwọn sì ń gbé ní Kubwa. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn. Kí n tó máa sọ bọ́ràn ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá Ìbejì jẹ́ fún mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, aṣọ kọ́tìnnì ni wọ́n ń tà ní ọjà Wuse. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja tí n kò níbi tí n óò sùn sí, yàrá àwọn ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe lónìí, ẹsẹ̀ ilé wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ pé ohun tí mo gbé fún wọn ló jẹ wọ́n lówó, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an.

Ohun tó gbé wa dé orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, kò le. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Laptop Bàbá Ìbejì ti ọdún 2015 ni, Intel ìran karùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà, nínú ti Intel sì rèé, ìran kẹjọ sókè ló ń gbà. Laptop náà ṣì lágbára, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, mo sì ti fi SSD sí i. Kí ni a fẹ́ sọ ọ́ nù sí? Mo fi Linux Mint 22 sí i.

Ṣùgbọ́n MetaTrader 5 ni Bàbá Ìbejì fi ń ra góòlù tí wọ́n fi ń tà á, Windows sì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wine ló ń gbé e rìn lórí Linux. Àwọn kan rò pé Wine ń gbé Windows pamọ́ sínú Linux. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo oníbàárà Hausa tó dé ìsọ̀ Yorùbá kan ní ọjà Wuse, tí kò gbọ́ èdè ẹni tó ń tajà, tí ọmọ kan wá dúró láàárín wọn. Oníbàárà sọ̀rọ̀, ọmọ náà sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọlọ́jà dáhùn, ó sọ ọ́ padà ní Hausa. Ọmọ náà kì í ṣe ọlọ́jà, kì í ṣe oníbàárà, ògbufọ̀ ni. Ohun tí Wine ń ṣe nìyẹn láti ọdún 1993 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀: MetaTrader á béèrè nǹkan lọ́wọ́ Windows, Wine á gbọ́ ọ, á sì bá a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Linux. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi fẹ́rẹ̀ yá bíi ti Windows gan-an lórí laptop àtijọ́. Ìdí rẹ̀ náà sì nìyí tó fi jẹ́ pé bí MetaTrader bá sọ ọ̀rọ̀ tuntun tí ògbufọ̀ ò tíì kọ́, ọjà ò ní tà.

Èyí ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wine 9.0 tó wà nínú ìsọ̀ sọ́fítíwià Mint ni mo kọ́kọ́ fi sí i. MetaTrader wọlé, ó gba update ara rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ní kí a tún un ṣí, ó kọ̀. Ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà ni pé "A debugger has been found running in your system", ìyẹn ni pé sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tú inú sọ́fítíwià mìíràn wò ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, pé kí a lọ yọ ọ́ kúrò. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí laptop náà. Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn tó ṣe MetaTrader fi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà tú inú rẹ̀ wò ló rí ìwà Wine àtijọ́, tó sì pè é ní olè. Mo yọ Wine 9.0 kúrò, mo lọ gba Wine 10 lọ́dọ̀ WineHQ, àwọn tó ń ṣe Wine fúnra wọn, ó ṣí. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ti rí ọ̀rọ̀ pupa yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn ò ti balẹ̀ sí Linux mọ́, àárín ọ̀sẹ̀ kejì ni tọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí sì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí káràkátà náà ṣe lọ. Wọ́n ra góòlù, lot 0.10. Lot kan góòlù jẹ́ áùnsì 100, nítorí náà áùnsì 10 ni wọ́n rà: bí góòlù bá gbé dọ́là kan, owó wọn gbé dọ́là mẹ́wàá. Wọ́n fi stop loss, ìyẹn ibi tí káràkátà á ti pa ara rẹ̀ kí àdánù má baà pọ̀ jù, sí dọ́là 12 nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti rà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ orí rẹ̀, wọ́n yan trailing stop, 800 points, tó jẹ́ dọ́là mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé tí góòlù bá ti gòkè ju dọ́là mẹ́jọ lọ, stop loss gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, dọ́là mẹ́jọ ni kí àlàfo wọn máa jẹ́, kó má sì padà sẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, góòlù ti gbé dọ́là márùn-ún. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú àwọn ìbejì nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí wọ́n wo ṣáàtì ní alẹ́, wọ́n rí i pé góòlù gbé dọ́là 22 kó tó yí padà. Dọ́là 22, yọ mẹ́jọ kúrò, ó ku 14: $140 ló yẹ kó wọlé. Kàkà bẹ́ẹ̀, góòlù já láti orí òkè yẹn títí dé stop loss àkọ́kọ́, $120 lọ. Láti èrè 140 sí àdánù 120, igba lé ọgọ́ta dọ́là ló yà wọ́n. Ẹni tó mọ ohun tí kọ́tìnnì ń mú wọlé lóṣù yóò mọ̀ pé owó yẹn kì í ṣe owó tí èèyàn ń gbójú fò.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni aago. Bàbá Ìbejì ṣí History fún mi, ibi tí MetaTrader ń to káràkátà tó ti parí sí, wọ́n fi ìka tọ́ ọ. "Wò ó. 17:46 ni ó pa á. Mo ti wọlé ká tó lu aago márùn-ún ààbọ̀. Mo ṣí laptop, mo gbé e síbí yìí, mo lọ jẹun. Ó ń ṣiṣẹ́! Mo rí i tí ṣáàtì ń mira. Ní 17:46, ojú rẹ̀ ló ṣe é." Ìyàwó wọn tí ń bọ̀ láti kíṣìnnì gbè é lẹ́yìn pé òótọ́ ni, laptop náà ṣí sílẹ̀ nígbà táwọn ń jẹun.

Èmi náà kọ́kọ́ fura sí Wine. N kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ pupa ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́kàn èmi náà. Àmọ́ bí èèyàn bá ti fi ìfura bẹ̀rẹ̀, á kàn máa wá ohun tó gbè é lẹ́yìn ni, ni mo bá fi Wine sílẹ̀, mo lọ ka àkọsílẹ̀.

MetaTrader máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ File, tí ẹ yan Open Data Folder, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ logs, fáìlì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Mo ṣí 20251118.log. Mo ń wa ìlà lẹ́yìn ìlà lọ sísàlẹ̀, Bàbá Ìbejì gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìlà kan wà ní 14:38:12. Ìlà tó tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ jẹ́ 17:04:40, ohun tó sì sọ ni pé ìsopọ̀ òun àti server alágbàtà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tipasẹ̀ rẹ̀ ra góòlù, ti já. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún wọlé padà. Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àfi bí ẹni pé kò sí kọ̀ǹpútà láyé.

Mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí lórí Linux, mo kọ journalctl, àṣẹ tó ń ka àkọsílẹ̀ Linux, mo ní kó ṣa ọ̀rọ̀ suspend, ìyẹn oorun kọ̀ǹpútà, jáde fún mi. Ó mú méjì jáde fún ọ̀sán yẹn: "PM: suspend entry (deep)" ní 14:38, "PM: suspend exit" ní 17:04. Laptop sùn. Kò kú, iná rẹ̀ ò tán, Wine ò jẹ̀bi nǹkan kan. Ó sùn ni, ó sì jí nígbà tí wọ́n ṣí i.

Bàbá Ìbejì ní, "Ṣùgbọ́n 17:46 ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo oníkáràkátà tó bá ka èyí dì mú. Aago méjì ló wà nínú MetaTrader. Àkọsílẹ̀ tó wà ní logs ń tẹ̀lé aago kọ̀ǹpútà yín. Ṣáàtì àti History ń tẹ̀lé aago server alágbàtà. Alágbàtà ti Bàbá Ìbejì fi wákàtí kan ṣíwájú Nàìjíríà nígbà òtútù òyìnbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, á di wákàtí méjì, nítorí àwa kì í yí aago tiwa padà. Nítorí náà 17:46 orí History, 16:46 ni lórí ògiri wọn ní Kubwa. Ní 16:46, Bàbá Ìbejì ń bẹ lójú títì Kubwa pẹ̀lú àwọn ọmọ, laptop sì ń sùn. Ibi tí góòlù ti ga jù, 17:05 ló wà lórí ṣáàtì; 16:05 ni tiwa. Ọjà ìpín New York, tó ń ṣí ní 15:30 tiwa lásìkò yẹn, ti ṣí fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ohun gbogbo ṣẹlẹ̀, ó sì parí, kí wọ́n tó ṣí ìdérí yẹn. Ohun tí wọ́n rí tó ń mira nígbà tí wọ́n ń jẹun, ṣáàtì lásán ni. Ohun tí wọ́n rà ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti dáhùn fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: "Tó bá jẹ́ pé ó sùn, kí ló dé tí stop loss fi ṣiṣẹ́, tí trailing stop ò ṣiṣẹ́?"

Torí pé ilé tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ ni. Stop loss, take profit tó ń pa káràkátà bí èrè bá ti tó iye tí ẹ fẹ́, àti àṣẹ ríra tó ń dúró de iye kan, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni gbogbo wọn ń gbé. Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ lè fọ́ laptop yín mọ́lẹ̀, wọ́n á ṣe iṣẹ́ wọn. Trailing stop kò sí lọ́dọ̀ alágbàtà. Inú MetaTrader tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń gbé. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo iye ọjà, bó bá ti tó àkókò, á ránṣẹ́ sí alágbàtà pé, ẹ gbé stop loss sókè díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sùn, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, bí wọ́n bá pa MetaTrader, kò sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ mọ́, stop loss á dúró síbi tó bá a. Rọ́bọ́ọ̀tì, sọ́fítíwià tó ń bá èèyàn ṣe káràkátà nínú MetaTrader, bákan náà ni: lórí ẹ̀rọ tó wà lójúfò nìkan ló lè ṣiṣẹ́.

Bó ṣe rí lórí Linux nìyẹn, bó sì ṣe rí lórí Windows nìyẹn. Kí wá ló dé tí kò fi ṣẹlẹ̀ sí wọn rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi lo Windows? Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń pa ìdérí laptop dé bí wọ́n bá ń jáde. Wọ́n ní, "Àní sẹ́! Ṣé eruku Kubwa yìí ni màá fi í sílẹ̀ fún?" Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ẹ bá fọwọ́ nu tábìlì wọn, ọwọ́ yín á pọ́n. Wọ́n ti ń pa á dé láti ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan ti bá wọn yí Windows padà nígbà yẹn pé bí a bá pa ìdérí, kó má ṣe sùn. Wọn ò rántí ẹni náà mọ́, wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣe bá a mu: bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Èmi ni mo kó wọn wọ ilé tuntun. Mo kó ṣáàtì wọn dé, mo kó àwọn template wọn dé, mo kó ọ̀rọ̀ aṣínà wọn dé. Mo ṣí MetaTrader, ó ṣí, mo ní iṣẹ́ ti tán. N kò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú laptop lójoojúmọ́. Ẹ̀bi mi ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níwájú ìyàwó wọn.

Àtúnṣe ìdérí kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Nínú System Settings ti Mint, Power Management, a yan pé bí a bá pa ìdérí kó má ṣe nǹkan kan, yálà iná ìta ló ń lò tàbí bátìrì. A tún ní kó má sùn bó ti wù kó pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbà á. Lọ́jọ́ Rú, a fi àkáǹtì demo, èyí tí kì í lo owó gidi, ra góòlù lot 0.01, trailing stop 200 points. A pa ìdérí dé, a jókòó, a mu ògì tí ìyá ìbejì gbé wá, a ò ṣí i fún ìdajì wákàtí. Nígbà tí a ṣí i, Journal, ibi tí MetaTrader ti ń fi àkọsílẹ̀ logs yẹn hàn, ti kọ ibi mẹ́rin tó ti gbé stop loss sókè, aago kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín ìgbà tí ìdérí wà ní pípadé. Bàbá Ìbejì kà wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn mo já Wi-Fi. Góòlù gbé dọ́là mẹ́ta sí i lórí fóònù wọn. A tún so ó pọ̀, a wò ó: ní gbogbo ìgbà tó fi já, kò sí ìlà kankan.

Ìdánwò kejì yẹn ló pinnu ohun tó kù. Bí laptop ò bá tilẹ̀ sùn mọ́, iná lè lọ kí bátìrì àtijọ́ yẹn má gbé wákàtí méjì, dátà lè kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí trailing stop máa ṣọ́ owó òun nígbà tí òun wà lójú títì, kò yẹ kó gbé e lé laptop lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ Linux, ìbáà jẹ́ Windows. A wá rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tí kò ṣe ju trailing stop lọ, fáìlì mq5 tí èèyàn lè ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. MetaEditor, ibi tí wọ́n ti ń kọ rọ́bọ́ọ̀tì, ṣiṣẹ́ dáadáa lábẹ́ Wine, ibẹ̀ la ti sọ ọ́ di ex5, fáìlì tí MetaTrader lè lò. A gbé e lọ sórí virtual hosting, kọ̀ǹpútà ibòmíràn tí kì í sùn, tí wọ́n ń yá láti inú MetaTrader fúnra rẹ̀, a sì rí i dájú pé Algo Trading, bọ́tìnnì tó ń gba rọ́bọ́ọ̀tì láàyè, ti orí laptop wà ní pípa, kí ẹni méjì má baà máa fa stop loss kan náà.

Níbi tí a ti ń ṣe èyí ni mo rí rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn lórí ṣáàtì wọn, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ń fẹ́ kí a gbà fún un láti lo DLL, fáìlì Windows tó ní àṣẹ tirẹ̀ nínú, tí kò sí lábẹ́ ìṣọ́ MetaTrader. Virtual hosting yẹn kì í gba DLL rárá, lábẹ́ Wine náà sì rèé, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó kọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. MQL5, èdè tí wọ́n fi ń kọ rọ́bọ́ọ̀tì MetaTrader 5, fúnra rẹ̀ ní ààlà, inú fódà tirẹ̀ nìkan ló lè kọ fáìlì sí. Bí ẹ bá gba DLL láàyè, ààlà yẹn ti wó. Àwọn èèyàn sì máa ń rò pé Wine jẹ́ àgò tó dé e mọ́lẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Wine ṣe wà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ó ní dírááfù kan tó ń jẹ́ Z, gbogbo Linux yín ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀: fọ́tò, ìwé báńkì, gbogbo fáìlì tí ìwọ fúnra rẹ lè ṣí. Mo ṣàlàyé fún Bàbá Ìbejì, wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún wọn pé kí ni DLL náà wà fún. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò dáhùn. A ti yọ ọ́ kúrò lórí ṣáàtì.

Mo mú owó dání ní alẹ́ ọjọ́ Rú yẹn láti fi dí lára àdánù wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí n lọ bá àbúrò àwọn ní Gwarinpa dípò ìyẹn, òun náà ń ṣe góòlù, MacBook ló ń lò.

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. M1, ṣíìpù tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, ló wà nínú MacBook náà, MetaTrader 4 ló sì fẹ́, torí pé rọ́bọ́ọ̀tì tirẹ̀ ex4 ni, fáìlì ti MetaTrader 4. Mo sọ òótọ́ fún un. Sọ́fítíwià 32-bit, irú ti àtijọ́, ni MetaTrader 4, Apple sì ti lé 32-bit kúrò láti macOS Catalina ọdún 2019. Àwọn Wine kan ti ṣe ọgbọ́n sí i, CrossOver tí wọ́n ń tà lówó wà lára wọn, ṣùgbọ́n M1 tún ní Rosetta 2 láàárín, èyí tó ń túmọ̀ sọ́fítíwià tí wọ́n kọ fún Intel, ògbufọ̀ wá di méjì. Boot Camp, tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí Mac, kò sí lórí irú Mac yẹn mọ́. Parallels, sọ́fítíwià tó ń ṣí Windows nínú Mac, pẹ̀lú Windows 11 ti ARM, irú ṣíìpù tí M1 jẹ́, lè gbé e, bó bá lè san owó rẹ̀. MetaTrader 5 rọrùn jù: àwọn tó ṣe é ti di Wine mọ́ ọn fún Mac, èèyàn á kàn fi sí i ni. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi MetaTrader 5 ṣe demo, òun á sì wá ẹni tó máa tún rọ́bọ́ọ̀tì náà kọ ní MQL5.

Kí n tó fi ohunkóhun sí i, mo bi í bó ṣe máa ń ṣe ìdérí rẹ̀. Ó ní òun máa ń pa á dé lálẹ́, káràkátà á sì wà lórí rẹ̀ di àárọ̀. Mac náà máa ń sùn bí ìdérí bá ti padé, àfi bí ó bá wà lórí iná tí ojú kọ̀ǹpútà mìíràn sì wà lára rẹ̀. A ṣí logs rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pa pọ̀. Alẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Nínú márààrún, ìlà tó gbẹ̀yìn kò kọjá aago mọ́kànlá, ìlà tó tẹ̀lé e kò sì ṣáájú aago mẹ́fà àárọ̀.